Bátìrì kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́jọ: kí ló ń pa bátìrì alùpùpù mi?

Arìnrìnòru
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bátìrì kẹta ni mo gbé sínú alùpùpù mi yìí láàárín oṣù mẹ́jọ, òun náà sì ti ń kú lọ. 250cc ni, kò ní kíkì, sítátà nìkan ni. Bátìrì 12 fóòtì, 7Ah (áńpù-wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà).

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Tí mo bá fi bátìrì sórí ṣáájà mọ́jú, láàárọ̀ mo tẹ sítátà lẹ́ẹ̀kan, ó ti dáhùn. Tí mo bá gùn ún káàkiri, tí mo pa á tí mo tún tan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó di "tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀" lábẹ́ ìjókòó, ẹ́ńjìnnì ò ní yí mọ́. Títì ni mo máa ń tì í dé ilé.

Ohun kan tún ń yà mí lẹ́nu. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná iwájú máa ń mọ́lẹ̀ kedere. Tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, tí mo kàn ṣí kọ́kọ́rọ́, iná yẹn á wá ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo ẹ̀ ń tán lọ. Ẹni tó ta bátìrì fún mi ní òun ò gbà á padà mọ́. Mo ní mítà lọ́wọ́, àmọ́ kí n má parọ́, bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti ń fi wò.

Ẹ̀gbọ́nGíà
Ayédèrú bátìrì ni wọ́n ń tà fún ẹ, àbúrò. Ra ojúlówó. Tó o bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣáájì, kò le rárá: tan ẹ́ńjìnnì, tú wáyà kan kúrò lórí bátìrì. Tí ẹ́ńjìnnì ò bá kú, ó ń ṣáájì. Tó bá kú, kọ́ìlì tó ń pèsè iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ti lọ. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn.

BàbáWáyà
Ẹ̀gbọ́nGíà, má bínú sí mi, àmọ́ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Arìnrìnòru, má ṣe tú wáyà orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bátìrì kì í ṣe àpò ìkó-iná-sí lásán. Òun ló ń mú fóòtì dúró sójú kan. O yọ ọ́ báyìí, fóòtì á fò sókè lójijì, ohunkóhun tó bá bá pàdé lọ́nà, ì báà jẹ́ rẹ́gúlétọ̀ tó ń sọ iná kọ́ìlì di irú èyí tí bátìrì ń gbà, tó sì ń ṣọ́ ọ kó má pọ̀ jù, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń darí epo, ó lè jó o. Láyé ìgbà tí gbogbo iná alùpùpù ò ju gílóòbù mẹ́ta àti fèrè kan lọ, èèyàn lè dán irú ẹ̀ wò kó sì mú un jẹ. Ti ìsinsìnyí kọ́.

Mítà ọwọ́ rẹ yẹn tó. Yí i sí DC, ìyẹn irú iná bátìrì, ojú 20. Ẹnu pupa sórí pupa, ẹnu dúdú sórí dúdú. Orí bátìrì gan-an ni kó o fi kàn, má fi kan irin tó di wáyà mú. Ìgbà mẹ́ta lo máa wò ó.

Àkọ́kọ́, láàárọ̀ kó o tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bátìrì tó kún máa ń wà ní 12.6 sí 12.8. Tó bá jẹ́ 12.4, ó ti dín díẹ̀, 12.2, ó ku nǹkan bí ìdajì, 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń pè é ní bátìrì 12 fóòtì. Ìkejì, nígbà tó o bá tẹ sítátà: wo ibi tó já sí. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 9.6, inú bátìrì ti rẹ̀. Ìkẹta, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná iwájú wà ní títàn: wò ó nígbà tó ń rọra yí lórí ìdúró, kó o tún yí ọwọ́ epo dé nǹkan bí 5,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kó o wò ó. Láàárín 13.5 sí 14.5 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Má ra nǹkan kan.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Bátìrì mẹ́ta lóṣù mẹ́jọ! Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú pé epo ni alùpùpù yín ń mu?

ÀdùnníOríIrin
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín dá sí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Tèmi ò ní wàhálà tí mo bá ń gùn ún lójoojúmọ́. Mo ti wò ó, 14.1 ló wà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí mo bá gbé e kalẹ̀ bí ọjọ́ márùn-ún, kò ní dáhùn mọ́. Ṣé bátìrì lèyí náà?

BàbáWáyà
Àdùnní, tìẹ yàtọ̀. Ti Arìnrìnòru, iná ò wọlé. Tìrẹ, iná ń jò lọ. Ohun kan ń mu iná nígbà tí gbogbo ẹ̀ wà ní pípa. Ṣé o fi ohun kan kún un lẹ́yìn tó o rà á? Alámù, ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ ibi tó wà, ihò ìṣáájì fóònù?

Bó o ṣe máa mọ̀ nìyí. Yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò pátápátá. Tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì, kó o wá fi mítà sí àárín wáyà yẹn àti orí dúdú bátìrì, kí iná máa gba inú mítà kọjá. Ihò 10A ni kó o ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá kéré, kó o tó bọ́ sí ojú mìlì-áńpù. Má ṣe ṣí kọ́kọ́rọ́, má sì tẹ sítátà bí mítà ṣe wà níbẹ̀, nítorí fíùsì inú mítà á lọ, wàá sì máa rò pé alùpùpù ò fa iná rárá. (Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi ń yọ̀ pé mítà ń sọ 0.00.)

Mìlì-áńpù kan tàbí méjì, aago àti kọ̀ǹpútà ló ń mu ún, kò burú. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, máa yọ fíùsì kọ̀ọ̀kan, kó o máa wo mítà. Èyí tó bá mú nọ́ńbà já wálẹ̀, ojú ọ̀nà tí olè ń gbà nìyẹn.

Arìnrìnòru
Mo ti wò ó, Bàbá. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí mo yọ ọ́ lórí ṣáájà lálẹ́ àná: 12.5. Mo tẹ sítátà: ó já sí 9.4, ó sì dáhùn. Lórí ìdúró: 12.2. Ní 5,000 rpm: 12.5, kò kúrò níbẹ̀ bó ti wù kí n yí ọwọ́ epo tó.

Ẹ̀gbọ́nGíà
Ẹ wò ó! Kò ṣáájì. Kọ́ìlì ti jó. Ẹ jẹ́ kó lọ tú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì.

TáyàMéjì
Kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n kọ́kọ́ bi kọ́ìlì fúnra ẹ̀ léèrè. Ẹ wá wáyà mẹ́ta aláwọ̀ kan náà tó ń jáde láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sí rẹ́gúlétọ̀. Yẹ́lò ló máa ń sábà jẹ́, àwọn kan máa ń jẹ́ funfun. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ẹ yí mítà sí AC, ìyẹn irú iná tí kọ́ìlì ń pèsè, tó ń lọ tó ń bọ̀, ojú 200. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e dé 5,000, ẹ fi mítà kan wáyà ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì ní méjì-méjì: kìíní pẹ̀lú ìkejì, ìkejì pẹ̀lú ìkẹta, kìíní pẹ̀lú ìkẹta. Ẹ má fi ìka kàn án o, iná ibẹ̀ kò kéré. Ó yẹ kó ju 50 lọ lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù tó tóbi tó tiyín, àwọn kan máa ń kọjá 70. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára dọ́gba. Tí méjì bá jẹ́ 60, tí ìkan jẹ́ 22, kọ́ìlì ti ṣẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yí mítà sí óòmù, ìyẹn ojú tó ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Láàárín wáyà kan sí ìkejì, kò yẹ kó ju nǹkan bí 1 lọ. Láàárín wáyà kọ̀ọ̀kan sí ara irin ẹ́ńjìnnì, kò gbọdọ̀ sí ìsopọ̀ kankan. Tí ó bá kan ara ẹ́ńjìnnì, ike tó bo kọ́ìlì ti jó, iná ń gbabẹ̀ lọ sí ilẹ̀.

ÀdùnníOríIrin
Mo ti rí olè mi. 60 mìlì-áńpù! Mo yọ fíùsì kékeré tí wọ́n fi wáyà tẹ̀ lé bátìrì, ó já sí 1.2. Ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ ibi tí alùpùpù wà ni.

BàbáWáyà
Ó yé mi báyìí. Bátìrì rẹ ńkọ́, 9Ah? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, 9,000 mìlì-áńpù-wákàtí, pín in sí 60, wákàtí 150 ni. Ọjọ́ mẹ́fà àti wákàtí mẹ́fà, ó ti ṣófo porogodo. Sítátà ò sì ní dúró dìgbà tó bá ṣófo kó tó kọ̀. Tí bátìrì bá ti lọ sí ìdajì tàbí kó dín, ó lè ti kọ̀. Ọjọ́ márùn-ún tó o wí bá a mu gẹ́lẹ́.

Ibẹ̀ ni bátìrì ti ń bàjẹ́ gan-an, kì í ṣe níbi kó kàn má dáhùn. Bátìrì tó bá ń pẹ́ lófìfo, ohun funfun kan á máa dì mọ́ àwọn pèréte (àwo òjé) inú ẹ̀, á le bí iyọ̀ tó gbẹ sídìí ìkòkò. Ìṣáájì lásán ò ní tú u mọ́. Tí o bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ pẹ́, yọ fíùsì yẹn, tàbí kó o fi ṣáájà kékeré tó ń dá dúró fúnra ẹ̀ tì í.

ÀdùnníOríIrin
9Ah ni lóòótọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló máa yanjú ẹ̀.

Arìnrìnòru
TáyàMéjì, ẹ ṣeun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. AC: 62, 61, 63. Óòmù: 0.5 ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sí ara ẹ́ńjìnnì: kò sí nǹkan kan. Kọ́ìlì ò jó.

Ẹ̀gbọ́nGíà
Ó dáa, mo gbà. Rẹ́gúlétọ̀ ló kù nígbà yẹn. Kò sí ohun mìíràn láàárín kọ́ìlì àti bátìrì.

Arìnrìnòru
Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ lọ ra á lọ́la. Mo tilẹ̀ fi mítà wo inú ẹ̀ bí mo ṣe rí i tí ẹnì kan ṣe é nínú fídíò, kò fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa.

BàbáWáyà
Dúró ná. Mítà lè sọ fún ọ pé rẹ́gúlétọ̀ ti kú. Kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó wà láàyè. Nítorí náà jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ padà síbi tí ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní iná iwájú ń mọ́lẹ̀ kedere tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣe bàìbàì tó bá pa á. Gbogbo wa fò ó. Tí rẹ́gúlétọ̀ bá ti kú, níbo ni iná iwájú ti ń rí ìmọ́lẹ̀ yẹn, nígbà tí bátìrì ò ju 12.2 lọ? Láàárọ̀ pẹ̀lú, bátìrì 12.5 kò yẹ kó tan iná bàìbàì. Lójú tèmi, rẹ́gúlétọ̀ ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ó ń bọ́ iná iwájú àti àwọn yòókù. Bátìrì nìkan ni oúnjẹ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ohun kan dí ọ̀nà láàárín bátìrì àti gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́nGíà, o ní kò sí ohun mìíràn láàárín wọn. Wáyà wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, fíùsì wà níbẹ̀.

Arìnrìnòru, yí mítà padà sí DC. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní 5,000, iná títàn, má yọ ohunkóhun. Fi ẹnu mítà kan kan wáyà pupa rẹ́gúlétọ̀, gún un wọlé láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fi ẹnu kejì kan orí pupa bátìrì. Bẹ́ẹ̀ ni, pupa sí pupa. Tí ọ̀nà bá mọ́, kò yẹ kó ju 0.3 lọ. Lẹ́yìn náà, wáyà dúdú rẹ́gúlétọ̀ sí orí dúdú bátìrì. Kò yẹ kí ìyẹn ju 0.2.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Pupa sí pupa kẹ̀? Èmi ti rò pé òdo ni mítà máa sọ. Mo jókòó síbí, mi ò lọ síbì kankan.

Arìnrìnòru
Ẹ̀yin èèyàn mi. Dúdú sí dúdú: 0.06. Pupa sí pupa: 1.8!

TáyàMéjì
12.5 tó wà lórí bátìrì, pẹ̀lú 1.8, 14.3. Nọ́ńbà tó yẹ kó wà nìyẹn gan-an. Rẹ́gúlétọ̀ ò jẹ gbèsè kankan. Ojú ọ̀nà pupa ló jẹ ẹ́.

BàbáWáyà
Jẹ́ kí ẹnu mítà kan dúró lórí pupa bátìrì, kó o máa gbé ìkejì tẹ̀ lé wáyà pupa díẹ̀díẹ̀ láti rẹ́gúlétọ̀ bọ̀ wá sí bátìrì. Ní gbogbo ibi tí wáyà bá ti kan nǹkan: sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíùsì ńlá, rìléè sítátà (súìṣì tó ń ṣínà fún iná bátìrì lọ sí sítátà). Níbi tí 1.8 bá ti já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà, o ti kọjá ibi tó bàjẹ́.

Arìnrìnòru
Ó ti pé wákàtí kan tí mo ti ń bá a jà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Fíùsì ńlá ni, 20A, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìléè sítátà lábẹ́ ìjókòó. Ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, 1.8. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, 0.02. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná débi pé mo yára fa ọwọ́ padà. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti wo fíùsì yìí tẹ́lẹ̀! Nígbà tí bátìrì àkọ́kọ́ kú, mo yọ ọ́, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo rí i pé irin inú ẹ̀ ò já, mo sì dá a padà. Mi ò wo ilé tó ń gbé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó báyìí. Ẹsẹ̀ fíùsì kan ń dán, ìkejì ti pọ́n bí iṣu sísun. Ike tó yí i ká ti yọ́ díẹ̀, ó wú sápá kan. Irin méjì tó yẹ kó fún ẹsẹ̀ yẹn mọ́ra ti ṣí sílẹ̀, tí mo bá mi fíùsì, ó ń rìn nínú ihò bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

BàbáWáyà
O rí i. Fíùsì náà wà láàyè, ilé ẹ̀ ló wó. Irin yẹn ti tú, kò di ẹsẹ̀ fíùsì mú mọ́. Níbi tí wọn ò ti kanra dáadáa, iná tó ń gbabẹ̀ ń di ooru. Ooru yẹn tún ń rọ irin náà, ó tún ń tú sí i. Ọjọ́ pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Iná sítátà kì í gba fíùsì yẹn kọjá, ọ̀nà tiẹ̀ tààrà ló ń gbà láti orí bátìrì, ìdí nìyẹn tí sítátà fi ń yí tí bátìrì bá kún. Tó bá ti tán, kò sí ohun tó ń dá a padà. Bátìrì mẹ́ta tó o rà, ebi ló pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìtúnṣe ẹ̀: kọ́kọ́ tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì kó o tó tú pupa, nígbà tó o bá ń dá a padà, pupa ni kó ṣáájú. Gé wáyà sẹ́yìn títí wàá fi rí kọ́pà tó ń dán, èyí tó ti dúdú ò wúlò. Pààrọ̀ ilé fíùsì náà lódindi pẹ̀lú èyí tó nípọn tó tàtijọ́, kó o fi irinṣẹ́ fún ẹsẹ̀ wáyà mọ́ inú ẹ̀ dáadáa. Fíùsì 20A tuntun, kì í ṣe 30. Mo mọ ẹni tó fi wáyà dí ojú fíùsì "títí di ọ̀la". Ọ̀la ò tíì dé tí ìjókòó fi jó.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Mo ti lọ mi fíùsì tèmi wò báyìí o, kò mì.

OníGílóòbù
Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ti ìlẹ̀kùn. Tèmi ni òdì ẹ̀. Gílóòbù ò pẹ́ kó tó jó, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi inú ẹ̀ sì ń gbẹ. Mo wò ó ní 5,000 rpm, 15.9.

BàbáWáyà
Má gùn ún mọ́ títí wàá fi ṣe é. Ó ti ń ṣe àṣejù, bátìrì ń hó ni. Kọ́kọ́ wo wáyà ilẹ̀ rẹ́gúlétọ̀ àti wáyà tó fi ń mọ fóòtì bátìrì, tí tìrẹ bá ní in; tí èyí bá jábọ́ tàbí tó dípẹtà, rẹ́gúlétọ̀ á rò pé ebi ń pa bátìrì, á máa bu iná lé e. Tí ìwọ̀nyẹn bá dáa, pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀. Tó bá jẹ́ bátìrì tó ṣeé ṣí, omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀ tó tún di omi, nìkan lo máa dà sí i, má da ásíìdì. Má sì ṣáná nítòsí ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ máa ń gbiná.

OníGílóòbù
Wáyà ilẹ̀ ni! Bóòtù ẹ̀ ti dípẹtà, ó ti di búrẹ́dì. Mo ha á mọ́, mo dè é padà, ó di 14.3. Àmọ́ bátìrì ti wú, mo mọ̀ pé ó ti lọ.

Arìnrìnòru
Mo ti pààrọ̀ ilé fíùsì. Pupa sí pupa báyìí: 0.09. Lórí bátìrì, ní 5,000 rpm, iná títàn: 14.2. Mo kọ́kọ́ ṣáájì bátìrì fúnra ẹ̀ mọ́jú pẹ̀lú 0.7A, ìdá kan nínú mẹ́wàá Ah ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀, láàárọ̀ 12.7, sítátà já sí 10.3 péré. Àná mo pa á, mo tan án nígbà mọ́kànlá. Mo kà á.

Mo wá rántí bátìrì méjì àkọ́kọ́ tí mo jù sí igun yàrá. Mo ṣáájì àwọn náà. Ìkan wà ní 12.7 lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó sì yí sítátà. Ìkejì ò kúrò ní 10.5, bó ti wù kí n ṣe é.

TáyàMéjì
Ìyẹn ti 10.5 ti lọ. Ìdí ni pé yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 2.1 wá. 12.6 yọ 2.1, 10.5. Yàrá kan ti kú pátápátá. Ẹ kó o lọ fún àwọn tó ń gba àlòkù bátìrì, ẹ má jù ú sí ààtàn, òjé àti ásíìdì ló wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nGíà
Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Bàbá, mi ò ní tú wáyà orí bátìrì mọ́. Arìnrìnòru, èyí tó wà ní 12.7 yẹn, ṣé wàá tà á?